Iṣẹ́ Loògùn Ìṣẹ́, Ìṣirò Ni Èkejì Rẹ̀

Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́ ni àwọn àgbà wí, bẹ́ẹ̀ obìnrin abúlé tó ń yan gàrí kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í dúró de èèyàn. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ ti ń dúdú. Wọn yóò bó o, wọn yóò rin ín, wọn yóò dì í sápò, wọn yóò sì gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro. Ọjọ́ tó fi wà lábẹ́ òkúta náà ló ń mú un kan, rírin àti kíkan yìí ló sì ń dín májèlé inú rẹ̀ kù. Lẹ́yìn èyí ni sísẹ́ àti yíyan nínú èéfín. Bí iṣẹ́ nìkan bá ń wo ìṣẹ́ sàn, kò yẹ kí òṣì mọ ilé alágàrí.

Ọjọ́ ọjà ni ìdí tí iṣẹ́ nìkan kò fi tó máa ń hàn. Alájàpá lè gbé kóńgò tirẹ̀ wá láti ìlú, èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ títí tó fi yọ ikùn síta. Yóò bu gàrí kún un, yóò tún kó o jọ ṣóńṣó lórí. Obìnrin tí kò lè ṣírò owó ẹ̀gẹ́, igi ìdáná, ẹ̀rọ àti ọkọ̀ kò ní mọ̀ bóyá èrè ló jẹ tàbí ó pàdánù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ̀kọ́ àgbà bẹ̀rẹ̀ láti orí gàrí, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú òṣùwọ̀n kìlógíráàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóńgò. Ẹ̀yìn oúnjẹ alẹ́ ni kó jẹ́, kí ó má sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Kíláàsì tí wọ́n bá fi sí aago mẹ́wàá àárọ̀, bẹ́ǹṣì ni olùkọ́ yóò máa kọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà gba ìfòyemọ̀. Abúlé tó ti ní aránṣọ mẹ́ta kò nílò ogún míì. Ẹni tó lè tún ẹ̀rọ arinẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹni tó mọ ààrò tí èéfín rẹ̀ ń gba òkè jáde ni wọ́n ń wá. Nike Okundaye, oníṣẹ́ ọnà aṣọ, mọ èyí: aṣọ híhun, iṣẹ́ tí àwọn obìnrin Ògìdì ní Ìpínlẹ̀ Kogí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ló gbé ibi ìhunṣọ kalẹ̀ fún níbẹ̀.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Láti oṣù kìíní 1955 ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sì sọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ di ọdún mẹ́sàn-án jákèjádò orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, bí ọjà bá ku ọ̀la, ọmọbìnrin ni wọ́n máa ń dá dúró nílé láti bó ẹ̀gẹ́. Ìbáwí nìkan kò lè dá a padà sí kíláàsì; àfi kí ìyá rí owó tí yóò fi san alágbàṣe.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, nítorí náà ẹgbẹ́ aláàjọ ló yẹ kó gbé ètò ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ yìí. Kí ìwé owó wà lọ́wọ́ ẹni tó lè kà á sókè níwájú gbogbo wọn ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà, kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e. Òṣùwọ̀n kì í mu epo bẹntiróò, ọjà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ ló ti ń ṣiṣẹ́.