Wúrà, Fàdákà àti Irin nínú Ilé Ọlọ́run

Nígbà tí a bá ń ka Ìwé Ẹ́ksódù, tí a sì dé orí 25, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa sáré kọjá. Níbẹ̀ ni a gbé ka igi, aṣọ àti wúrà tí a fi ṣe Àgọ́ Àjọ, a sì rò pé ìṣirò gbẹ́nàgbẹ́nà lásán ni. Àwọn olùkọ́ni Júù kò rò bẹ́ẹ̀. Lójú wọn, olúkúlùkù ohun èlò náà ní ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ni.

Ẹ wo Àpótí Májẹ̀mú. Igi ni a fi kàn án, a sì fi wúrà bò ó nínú àti lóde. Èéṣe tí a fi bo inú, níbi tí ojú ènìyàn kò lè dé? Àwọn olùkọ́ni inú Tálímúdù dáhùn pé ọ̀mọ̀wé tí inú rẹ̀ kò bá rí bí òde rẹ̀ kì í ṣe ọ̀mọ̀wé rárá.

Ẹ wo fàdákà pẹ̀lú. Olúkúlùkù mú wúrà wá bí ọkàn rẹ̀ ti fẹ́, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ṣékélì ni ti gbogbo ọkùnrin tí ó pé ọmọ 20 ọdún sókè. Olówó kò gbọdọ̀ san jù bẹ́ẹ̀ lọ, tálákà kò sì gbọdọ̀ san dín. Àwọn 603,550 ni ó san án, ó sì jẹ́ 100 tálẹ́ńtì àti 1,775 ṣékélì. Tálẹ́ńtì 100 náà ni a fi rọ ihò-ìtẹ̀bọ̀ 100 tí pákó àgọ́ náà àti òpó aṣọ ìkélé rẹ̀ dúró lé. Wúrà ń dán lókè, ṣùgbọ́n owó tálákà ni ó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ti olówó, tí wọ́n jọ gbé e ró. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ní ti irin, kò gbọdọ̀ kan òkúta pẹpẹ. Míṣínà, tí a kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, sọ ìdí rẹ̀: irin a máa gé ọjọ́ ayé ènìyàn kúrú, pẹpẹ a sì máa mú un gùn, kò yẹ kí a gbé èkíní sókè sí èkejì. Àwọn ará Róòmù wó Tẹ́mpìlì ní ọdún 70, pẹpẹ kò sì sí mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn Júù ti ń ka tábìlì oúnjẹ sí pẹpẹ. Títí di òní, àwọn kan nínú wọn a máa kó ọ̀bẹ kúrò lórí rẹ̀, tàbí kí wọ́n bò ó, kí wọ́n tó dúpẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá délé lẹ́yìn Mísà òní, tí ẹ sì jókòó yí oúnjẹ ká, ẹ bi ara yín léèrè irin tí ó ṣì wà lọ́wọ́ yín: ọ̀rọ̀ tí ń gún aya tàbí ọkọ bí ọ̀bẹ, ìbínú sí ọmọ ìyá ẹni, gbèsè kékeré tí a fi ń dójú ti aládùúgbò. Ẹ kó o kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó dúpẹ́.