Láti Ìpàtẹ sí Ọjà: Ìtàn Gbàgede Trade Fair ní Ọ̀jọ́

1.0 Ìfáàrà
Ẹni tó bá gbéra láti Ìbà Housing Estate, tó gba òpópónà márosẹ̀ Bádágírì lọ sí Mile 2, yóò kọjá lára gbàgede ńlá tí a ń pè ní Trade Fair. Ọjà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n sí. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìpàtẹ ni ìjọba kọ́ ọ fún, àti pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín 'ìpàtẹ' àti 'ọjà' ló ṣí ìtàn rẹ̀ payá.

2.0 Ìgbà Ìpàtẹ
Owó epo rọ̀bì tó gbé pẹ́ẹ́lí lẹ́yìn 1973 ló fún ìjọba àpapọ̀ lágbára láti dáwọ́ lé iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ Energoprojekt láti Belgrade, ní Yugoslavia ìgbà náà, ló kọ́ ọ. Zoran Bojović ni ayàwòrán ilé. Ìpàtẹ àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé níbẹ̀ ní 1977, ọdún tí FESTAC wáyé ní Èkó. Àwòṣe ni ìpàtẹ: oníléeṣẹ́ a kó àpẹẹrẹ ọjà wá, oníbàárà a yẹ̀ ẹ́ wò, wọn a jọ ṣe àdéhùn, kálukú a sì padà sílé.

3.0 Ìgbà Ọjà
Nígbà tó yá, ìpàtẹ ṣí lọ sí Tafawa Balewa Square. Orúkọ nìkan ló kù. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti àwọn oníṣòwò láti Balógun kó wọlé, wọ́n kọ́ ìsọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ibí ni ìbéèrè ti yọjú: ta ló ni ọjà? Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ọba ló ni ín, iwájú ààfin ló sì máa ń wà. Ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà ló ń tọ́jú ètò rẹ̀. Ní Trade Fair, ilẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ ń béèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ọlọ́jà ló sì náwó sí ìsọ̀. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó àwọn ilé kan níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, 2025, àríyànjiyàn yìí hàn sí gbogbo ayé.

4.0 Àgbálọgbábọ̀
Olùkọ́ tó bá wà lẹ́nu ìkọ́ni ní agbègbè yìí lè kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀. Kí wọ́n ṣàkójọ ọ̀rọ̀ ìnájà bíi ìsọ̀, ẹ̀dínwó àti alágbàtà, kí wọ́n sì bi ọlọ́jà léèrè ẹni tó ni ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Ìdáhùn wọn yóò kọ́ wọn ní èdè, yóò sì kọ́ wọn ní ìtàn.