Ẹ̀kọ́ fún Ìdámẹ́rin Ọdún: Ẹrù Olóró Tí A Dá Padà Láti Ìlú Koko

Kíkà: II Àwọn Ọba 4:38-41

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ bí ìjọba kan ṣe ń bá ìjọba mìíràn sọ̀rọ̀ nígbà tí ilẹ̀, omi àti ìlera àwọn ènìyàn bá wà nínú ewu, àti ipa tí àwa obìnrin ní láti kó kí ọ̀rọ̀ tó dé etí ìjọba.

Nígbà tí mo sọ ohun tí ẹ̀kọ́ yìí yóò dá lé, àwọn kan bi mí pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ obìnrin nínú ọ̀rọ̀ ìjọba sí ìjọba. Ẹ jẹ́ kí á fi sùúrù kà á dé òpin. Ẹ óò rí i pé inú àgbàlá ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ìdí agbá omi wa ni yóò sì parí sí.

Ìtàn inú Bíbélì

Ìyàn mú ní Gilgali. Eliṣa ní kí wọ́n gbé ìkòkò ńlá ka iná fún àwọn ọmọ wòlíì. Ọ̀kan nínú wọn lọ sí pápá, ó rí ìtàkùn igbó tí ó so, ó kó èso rẹ̀ wálé, ó sì rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀ láìmọ ohun tí í ṣe. Bí wọ́n ti tọ́ ọ wò ni wọ́n figbe ta. Eliṣa béèrè ìyẹ̀fun, ó dà á sínú ìkòkò náà, ewu sì kúrò.

Ènìyàn mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: ẹni tí ó kó ohun tí kò mọ̀ wálé, àwọn tí ó ké, àti ẹni tí ó ní àṣẹ tí ó sì ṣe àtúnṣe. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a óò bá pàdé ní Nàìjíríà ní ọdún 1988.

Ẹni tí ó gba ohun tí kò mọ̀

Koko jẹ́ ìlú kékeré kan tí ó ní èbúté, ní etí Odò Benin, ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Delta lónìí. Ìpínlẹ̀ Bendel ni ó wà nígbà náà. Láàrin ọdún 1987 sí 1988, ọkọ̀ ojú omi márùn-ún kó ẹrù wá síbẹ̀ láti orílẹ̀-èdè Ítálì. Oníṣòwò ará Ítálì kan tí ó ń gbé Nàìjíríà ni ó wà nídìí rẹ̀. Ẹrù náà tó nǹkan bí 3,800 tọ́ọ̀nù, inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún agbá ni wọ́n sì rọ ọ́ sí. Wọn kò kọ òtítọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n fi hàn ní èbúté. Pàǹtí ilé iṣẹ́ ńláńlá ni, májèlé gidi, tí kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PCB wà lára rẹ̀. PCB kì í tètè jẹrà. Bí ó bá wọ ilẹ̀ tàbí omi, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó sì ti ara ẹja bọ́ sí ara ènìyàn.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀? Òfin ti le ní ilẹ̀ wọn, owó tí wọn ìbá sì ná láti pa á run níbẹ̀ pọ̀ jọjọ. Wọ́n wá ibi tí kò ní ná wọn lówó. Wọ́n gba àgbàlá baálé ilé kan ní nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù, wọ́n to agbá wọ̀nyí síbẹ̀ ní gbangba, oòrùn ń pa á, òjò ń pa á. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé àwọn ará ìlú kan da ohun tí ó wà nínú agbá nù, wọ́n sì gbé agbá lọ sílé láti máa fi tọ́jú omi.

Ẹ má ṣe tètè dá baálé ilé náà lẹ́bi. Ẹni tí ó fẹ́ fi májèlé pamọ́ sílé ẹni kì í sọ pé májèlé ni. Òótọ́ ni pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àìní a máa la ògiri lẹ́nu, àìmọ̀ a sì máa fẹ̀ ẹ́ sí i.

Àwọn tí ó ké

Ẹrù náà ti wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ariwo tó ta. Ta ni ó ké? Kì í ṣe aṣọ́bodè, kì í sì í ṣe ọlọ́pàá. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ítálì ni wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀, tí wọ́n sì kọ̀wé ránṣẹ́ sílé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1988, àwọn ìwé ìròyìn wa gbé e jáde, gbogbo ìlú sì mì tìtì. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà nígbà náà. Orí rédíò ni a ti gbọ́ ọ, àwa tíṣà mẹ́rin sì dìde lọ síbi àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó wà lára ògiri láti wá ibi tí Koko wà, nítorí kò sí ọ̀kankan nínú wa tí ó mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Òkun wà láàrin àwọn ọmọ wọ̀nyí àti Koko, síbẹ̀ wọn kò dákẹ́.

Ẹni tí ó ní àṣẹ

Ní ilẹ̀ wa, bí ọmọ ilé kejì bá da ìdọ̀tí sí ẹ̀yìnkùlé ẹni, a kì í bá ọmọ náà wọ̀yá ìjà. Bàbá rẹ̀ ni a ń ránṣẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìjọba sí ìjọba. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan a máa fi ikọ̀ kan, tí à ń pè ní áńbásẹ́dọ̀, sí ìlú ẹlòmíràn kí ó máa jẹ́ iṣẹ́ fún un níbẹ̀. Bí ìjọba bá pe ikọ̀ rẹ̀ padà sílé, ó ń sọ láìjà pé inú ń bí òun gidigidi.

Ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida pe áńbásẹ́dọ̀ wa padà láti Róòmù. Ó dá ọkọ̀ ojú omi Ítálì kan tí ń jẹ́ Piave dúró. Ó sì ní kí Ítálì wá kó ẹrù rẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó. Ohùn méjèèjì ni Nàìjíríà lò.

Ítálì gbà. Ọkọ̀ Karin B àti Deepsea Carrier ni wọ́n fi kó o. Ìròyìn sọ pé lára àwọn òṣìṣẹ́ tí ó kó o jáde bó, àwọn mìíràn sì ṣàìsàn. Bí Karin B ti gbéra, èbúté kan lẹ́yìn òmíràn ní Yúróòpù ni ó kọ̀ láti gbà á, títí ó fi padà sí Livorno ní Ítálì. Ẹ ronú sí i: ohun tí èbúté àwọn ọlọ́rọ̀ kò lè gbà ni wọ́n ní kí àgbàlá tálákà gbà.

Ìtìjú kan tún wà níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1988 gan-an ni Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà, tí à ń pè ní OAU, ṣe ìpinnu ní Addis Ababa pé ọ̀daràn ni ẹni tí ó bá ń da irú pàǹtí bẹ́ẹ̀ sí ilẹ̀ Áfíríkà. Kò pé oṣù méjì tí a fi rí i ní ilé tiwa.

Àdéhùn tí ó ti inú rẹ̀ jáde

Koko nìkan kọ́ ni ó ṣẹlẹ̀ sí ní ọdún náà. Ní orílẹ̀-èdè Guinea, wọ́n rí eérú pàǹtí tí a kó wá láti Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Irú nǹkan báyìí ni ó mú kí àwọn orílẹ̀-èdè péjọ ní ìlú Basel ní Switzerland, kí wọ́n sì fẹnu kò sí àdéhùn kan ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1989. Nàìjíríà fọwọ́ sí i pátápátá ní ọdún 1991, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1992. Ohun tí ó sọ kò le: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé pàǹtí olóró gba ẹnubodè kọjá àfi bí ìjọba ibi tí ó ń lọ bá kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jẹ́, tí ó sì gbà á nínú ìwé.

Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní ìyẹn kò tó. Wọ́n péjọ ní Bamako ní ilẹ̀ Mali ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1991, wọ́n sì ṣe àdéhùn tiwọn: kí á má tilẹ̀ gbà á wọlé rárá. Ọdún 1998 ni èyí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nílé, òfin jáde ní ọdún 1988 pé ẹni tí ó bá kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé yóò ṣẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní òpin ọdún náà ni wọ́n dá FEPA sílẹ̀ láti máa mójú tó àyíká. Láti ọdún 2007, àjọ NESREA ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìmúṣẹ òfin náà. Ní Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn Basel láti máa kọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní ìmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àdéhùn náà ti dé orí gbogbo pàǹtí ẹ̀rọ iná mànàmáná: tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti kọ̀ǹpútà tí ó ti kú.

Síbẹ̀, àdéhùn kò ní ojú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, pàǹtí inú ọkọ̀ Probo Koala di ohun tí wọ́n dà káàkiri ìlú Abidjan, àwọn ènìyàn kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ìwé àdéhùn ti wà nílẹ̀ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ojú ará ilé ni ó gbọdọ̀ ṣọ́ ọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nìkan kọ́ yín. Ní ọdún kan tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, mo ra agbá aláwọ̀ búlúù méjì lọ́jà. Ó pọ́ọ́kú, n kò sì béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ̀ ọ́, mo pọn omi kún un, èyí tí a óò fi dáná fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ní, "Màmá àgbà, omi yìí ń rùn, àwòrán agbárí sì wà lára agbá." Mo ní kí ó dákẹ́, kí ó má ṣe àṣejù. Tíṣà ni mí o, mo ní kí ọmọ tí ó mọ̀wé kà dákẹ́!

Lọ́jọ́ kejì ni mo tó fi gíláàsì ojú mi ka ìwé kékeré ara rẹ̀. Mo da omi náà nù. Ewédú tí ó wà níbi tí mo dà á sí kú kí ọ̀sẹ̀ tó yí po.

Ibi tí ó dùn mí jù nìyí: mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n tún agbá náà tà, kí owó mi lè padà. Ìgbà náà ni Koko wá sí ọkàn mi. Bí mo bá tà á fún aláìmọ̀, kí ni ìyàtọ̀ mi sí oníṣòwò ará Ítálì yẹn? Mo ní kí wọ́n dá agbá méjèèjì lu kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi pọn omi mọ́. Mo sì bẹ ọmọ náà.

Ohun tí a óò ṣe

Kí á máa béèrè ohun tí ó wà nínú agbá àti kẹ́ẹ̀gì kí á tó rà á. Kí á má fi ike oògùn apakoríko bu epo tàbí omi, kí á má sì fọ̀ ọ́ sí Odò Ọ̀tìn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ san owó láti fi ẹrù pamọ́ sí ilẹ̀ ẹbí, kí á ṣí i wò kí á tó gbowó. Bí ó bá rú wa lójú, kí á lọ sí ọ́fíìsì ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀. Bí wọn kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan, kí á tún lọ. Ọmọ tí ó bá sọ pé omi ń rùn, kí á gbọ́ tirẹ̀. Ìjọba tí ó pe ikọ̀ rẹ̀ padà láti Róòmù kì bá tí mọ̀ bí kò bá sí ẹni tí ó ké.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Nínú ènìyàn mẹ́ta inú ìtàn Gilgali, èwo ni ìwọ ti jẹ́ rí?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àdéhùn Basel àti ti Bamako? Èwo ni ìwọ ìbá fọwọ́ sí, kí sì ni ìdí rẹ̀?
3. Kí ni ó máa ń mú kí tálákà gba ẹrù tí olówó kọ̀? Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe sí i?
4. Kí ìpàdé tí ó ń bọ̀ tó pé, yẹ gbogbo agbá àti kẹ́ẹ̀gì ilé rẹ wò. Wá sọ ohun tí o rí fún wa.

Àdúrà: Olúwa, fún wa ní ojú tí ń ríran, ẹnu tí kì í dákẹ́ níbi tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀, àti ọkàn tí kò ní ta májèlé fún ẹlòmíràn. Àmín.