Bí A Ṣe Lè Wọn Eku Tí Kò Nírù: Àyẹ̀wò Máòsì Fífúyẹ́ fún Géèmù

Nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀, àwọn olùkọ́ wa máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí á tó sọ pé iṣẹ́ kan dára tàbí kò dára, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí a fi wọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ lo ọgbọ́n kan náà fún ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ọwọ́ kàn lójoojúmọ́ tí a kì í rò ó wò, èyíinì ni máòsì kọ̀ǹpútà. Irú èyí tí mo yàn ni máòsì fífúyẹ́ tí kò ní wáyà, tí wọ́n ṣe nítorí àwọn tí ń gbá géèmù.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí orúkọ rẹ̀ ná. Ní Stanford Research Institute, ní California, ni Douglas Engelbart ti ronú kàn án. Bill English ni ó bá a ṣe èyí àkọ́kọ́ ní 1964. Igi ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ó ní àgbá kékeré méjì lábẹ́ àti bọ́tìnnì kan ṣoṣo lókè. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, 1968, Engelbart fi í hàn ní gbangba ní San Francisco. Wáyà tí ó yọ lára rẹ̀ ni ó mú kí ó jọ eku. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, eku tí a gé ìrù rẹ̀ ni èyí tí à ń wí yìí. Máòsì ni n óò máa pè é, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é, n kò sì rò pé dandan ni kí á fi tipátipá wá orúkọ ẹran fún gbogbo irinṣẹ́.

Èyí tí ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni G Pro X Superlight tí ilé-iṣẹ́ Logitech gbé jáde ní ìparí 2020. Ẹ̀gbọ́n mi kan ni ó yá mi lò ní àkókò ìsinmi. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé kò tó gíráàmù 63. Mo gbé e lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń ṣe kéèkì tà ní ilé-gbé wa, a gbé e lé orí òṣùwọ̀n tí ó fi ń wọn ìyẹ̀fun: gíráàmù 61. A gbé máòsì tèmi náà lé e, èyí tí kò ní wáyà ṣùgbọ́n tí ó ń lo bátìrì ẹyọ kan: gíráàmù 96. Bátìrì yẹn nìkan kó 23 nínú rẹ̀.

Ìwọ̀n yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Ohun tí ó wúwo a máa ṣòro láti gbé kúrò níbi tí ó wà, a sì tún máa ṣòro láti dá dúró. Àwọn tí ń gbá géèmù oníbọn kì í fẹ́ kí atọ́ka wọn máa sáré jù, nítorí náà wọn a máa fa máòsì gba ojú tábìlì kọjá, wọn a gbé e sókè, wọn a tún gbé e padà sí àárín, láìmọye ìgbà láàárín wákàtí kan. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta yóò mọ̀ pé gíráàmù 35 kì í ṣe ohun kékeré. Èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ní 2018 wọn gíráàmù 80. Kí èyí lè fúyẹ́ sí i, wọ́n yọ iná aláràbarà kúrò lára rẹ̀, wọ́n yọ àwọn bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n sì dín ike ara rẹ̀ kù. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà mìíràn. Glorious Model O tí ó jáde ní 2019, ihò ni wọ́n dá sí i lára bí asẹ́ títí tí ó fi wọn gíráàmù 67. Ẹ̀yin tí ẹ mọ eruku ọyẹ́, ẹ ó mọ ìdí tí n kò fi fẹ́ asẹ́ lórí tábìlì mi.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo àwọn iye tí wọ́n fi ń polówó. DPI 25,600 ni ti máòsì yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni iye ìgbà tí ojú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lè ka ìrìn nínú íǹṣì kan. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀ ní àmì tóótòòtó 1920 láti òsì dé ọ̀tún. Bí kíkà kọ̀ọ̀kan bá sún atọ́ka ní àmì kan, ìrìn tí kò tó mìlímítà 2 ni yóò gbé e láti etí kan dé èkejì! Ọwọ́ ta ni ó dúró jẹ́ẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ní DPI 800, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 ni. 400 àti 800 yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi Counter-Strike àti Valorant jẹun ń lò.

Bákan náà ni ti ìròyìn tí máòsì ń ṣe fún kọ̀ǹpútà. Máòsì ọ́fíìsì lásán ń ròyìn ní ìgbà 125 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí ń ṣe é ní ìgbà 1000. Láti mìlíìsẹ́kọ́ǹdù 8 bọ́ sí 1, ìyẹn ní láárí. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti dé tí ń ròyìn ní ìgbà 8000, ohun tí wọ́n sì fi kún un kò tó mìlíìsẹ́kọ́ǹdù kan. Ẹni tí ó wà ní Nàìjíríà tí ó ń gbá géèmù lórí ẹ̀rọ tí ó wà ní Yúróòpù, tí ìránṣẹ́ rẹ̀ lè gba mìlíìsẹ́kọ́ǹdù 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lọ kí ó sì bọ̀, kí ni yóò fi èyí ṣe? Dátà tí ó dára ni kí ó fi owó rẹ̀ rà.

Mo lò ó fún iṣẹ́ tiwa náà. Bí a bá ń ṣe ìtúpalẹ̀ ohùn nínú Praat, ètò tí Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam ṣe, a ní láti fi máòsì sàmì sí ibi tí sílébù kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Mo sàmì sí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ láti ẹnu àwọn ènìyàn mélòó kan. Àmì mi kò tọ̀nà ju ti àtijọ́ lọ, nítorí pé bí a bá ti fẹ ojú àwòrán ohùn náà, máòsì èyíkéyìí ni yóò bá a. Ọrùn ọwọ́ mi nìkan ni ó mọ ìyàtọ̀: kò tètè rò mí.

Ará yàrá mi kan fẹ́ ra irú rẹ̀. Dọ́là 150 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà nígbà tí ó jáde, owó tí ó sì kó jọ láti ibi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi ni ó fẹ́ fi rà á. Owó kan náà ni yóò fi ra rẹ́kọ́dà tí yóò fi gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Àwọn ìyá tí ó ṣì mọ ọ́n sun ní abúlé wọn kò pọ̀ mọ́, wọ́n sì ti dàgbà. Mo sọ fún un pé ohun tí owó rẹ̀ yóò rà gan-an ni fífúyẹ́, àti pé máòsì oníwáyà tí kò tó gíráàmù 70 wà tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì èyí. Ó ní wáyà yóò máa fa òun lọ́wọ́. Mo ní kí ó fi rọ́bà so ó mọ́ etí tábìlì. A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ra oníwáyà, ó sì ra rẹ́kọ́dà.

Fún ẹni tí owó kò ni lára, n kò ní àròyé púpọ̀. Wákàtí 70 ni wọ́n ní bátìrì rẹ̀ lè lò. Ẹni tí ó bá ń lò ó fún wákàtí 5 lóòjọ́ yóò fi ọ̀sẹ̀ méjì gbàgbé àwọn tí a ṣì ń pè ní NEPA. Kí ó fi èyí tí ń gba ìròyìn rẹ̀ sí ìtòsí ọwọ́, nítorí pé ojú ọ̀nà kan náà ni òun àti wáìfáì jọ ń gbà, wáìfáì sì pọ̀ ní ilé-gbé wa. Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ òsì ni ó yẹ kí ẹ rò ó dáadáa. Ara rẹ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni àwọn bọ́tìnnì àtàǹpàkò wà, ibi tí àtàǹpàkò yín kò lè dé.