Ìpara Ni A Ń Tà, Àbí Ènìyàn?

Ibi kíkà: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 16:11–15

Lídíà tí a kà nípa rẹ̀ yìí, oníṣòwò ni. Aṣọ elésè àlùkò ló ń tà, ilé rẹ̀ sì gba àlejò. Kò sí ohun tó burú nínú kí obìnrin máa tajà kí ó sì jèrè. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni òwò ìpara ara tí wọ́n ń pè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí ó ti wọ inú ẹgbẹ́ wa, ó sì ti ń fa ìkùnsínú láàárín àwọn kan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ènìyàn á san owó ìwọlé, wọ́n á fún un ní ìpara àti ọṣẹ díẹ̀. Ọ̀nà méjì ni èrè rẹ̀ ń gbà wá: èyí tó jẹ lórí ìpara tó tà, àti èyí tí wọ́n ń fún un lórí ohun tí àwọn tó mú wọlé, àti àwọn tí àwọn náà mú wọlé, bá rà. Ọ̀nà kìíní yé gbogbo wa; iṣẹ́ alájàpá ni. Ọ̀nà kejì ni kí a la ojú sí.

Wọ́n á ní kí olúkúlùkù mú ènìyàn 6 péré wá. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Àwọn 6 á mú 36 wá, àwọn 36 á mú 216. Nígbà tó bá fi di ìpele kọkànlá, iye ènìyàn tí a nílò ti di 362,797,056. Gbogbo wa ní Nàìjíríà, tọmọdé tàgbà, kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bá dé kẹ́yìn kò ní rí ẹni mú wá mọ́, àwọn ni wọ́n sì máa ń pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1967, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Glenn Turner dá ilé iṣẹ́ Koscot sílẹ̀ ní Florida, ní Amẹ́ríkà. Ohun ìṣaralóge ni wọ́n ní àwọn ń tà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ipò gíga níbẹ̀ á san 5,000 dọ́là, èrè ńlá sì wà lórí mímú ẹlòmíràn wá láti san irú owó bẹ́ẹ̀. Ní 1975, Federal Trade Commission, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ṣọ́ àwọn oníṣòwò, dá Koscot lẹ́bi. Ní 1979, àjọ kan náà yẹ Amway wò, ó sì ní tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí Amway ní òfin pé kí ènìyàn ta ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà tó rà, kí ó sì ní oníbàárà 10 lóṣù, kí ó tó gba owó lórí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n bá a wí fún àsọdùn nípa iye tí ènìyàn lè rí.

Arábìnrin kan gbà wá láyè kí a sọ tirẹ̀ láìdárúkọ. Dandan ni kí ó ra ìpara 6 lóṣù, ₦7,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá rà á, owó àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. ₦42,000 nìyẹn. Owó ọkọ̀ àti ti fóònù jẹ́ ₦9,000. Ó ta 4 ní ₦10,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá tilẹ̀ san, ₦11,000 ti wọ gbèsè, ìpara 2 sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n àwìn ni méjì nínú wọn rà á. Òṣómàáló ará Ìjẹ̀ṣà lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí owó rẹ̀ á fi jáde. Ta ni yóò lóṣòó de ìyá tí wọ́n jọ ń gbàdúrà? Ọ̀kan nínú wọn kò jókòó sí àga tí wọ́n jọ ń jókòó mọ́.

A tún rí ìyá kan tí kò mú ẹnikẹ́ni wọlé rí. Oníbàárà 20 ló ní, ìpara kan ń tó wọn oṣù méjì, nítorí náà ó ń ta bí 10 lóṣù, owó lọ́wọ́, ọjà lọ́wọ́. Òun ló ń jèrè.

Nítorí náà, kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ kí a béèrè: bí ẹnikẹ́ni kò bá wá sí abẹ́ mi, ṣé ìpara nìkan lè dá owó mi padà? Ṣé wọ́n á gba èyí tí kò tà padà? Ṣé nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀? Ìpara tó ń bóra tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́, ẹni tó tà á fún ọmọ ọlọ́mọ kò lè ní òun kò mọ̀. Owó ẹgbẹ́ kì í sì í ṣe owó ìwọlé ẹnikẹ́ni.

Fún ìpàdé tó ń bọ̀: kí àwọn tó ń ta ìpara mú ìwé ìṣirò wọn wá. Kí a kọ iye tí a rà, iye tí a tà, àti iye tí wọ́n ṣì jẹ wá, sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kà á sókè lè kà á fún ara rẹ̀.