Khutubá Jímọ̀: Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò Lórí Ọ̀rá àti Ike Tí À Ń Dà Nù

KHUTUBÁ KÌÍNÍ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ilẹ̀ àti omi, tí Ó sì fi wọ́n sí ìkáwọ́ ọmọ ènìyàn fún ìṣọ́. A ń tọrọ ìkẹ́ àti ọlà fún Ànábì wa Muhammad, fún àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo kìlọ̀ fún ara mi, mo sì kìlọ̀ fún yín, pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba. Lára ohun tí à ń ṣe ní kọ̀rọ̀ ni pé kí òjò máa rọ̀ lóru, kí a da ìdọ̀tí ilé sínú gọ́tà, kí a sì wí pé omi ti gbé e lọ. Iwájú ilé ẹlòmíràn ni omi gbé e kalẹ̀ sí.

Ànábì kọ́ wa pé ẹ̀ka ìgbàgbọ́ pọ̀, ó sì fi hàn pé èyí tí ó kéré jù lọ nínú wọn ni mímú ohun tí ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá kúrò lójú ọ̀nà. Bí mímú un kúrò bá jẹ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́, kí ni a ó pe fífi í síbẹ̀? Nínú Sūratu Rūm, Ọlọ́hun fi yé wa pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó fa ìbàjẹ́ tí ó hàn lórí ilẹ̀ àti lójú omi. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn sì kọ́ wa pé kò tọ́ kí Mùsùlùmí fi ohun ìní rẹ̀ ni ẹlòmíràn lára. Ilé lè jẹ́ tìrẹ. Gọ́tà tí ó gba iwájú rẹ̀ kọjá kì í ṣe tìrẹ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a wo erékùṣù wa yìí. Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó rẹlẹ̀, omi sì yí wa ká. Bí ọ̀sà bá kún, omi gọ́tà kì í tètè rí ibi gbà. Bí ọ̀rá omi mímu àti ìgò ike bá tún dí i lẹ́nu, inú ilé ni omi ń padà sí. Láti Ìdúmọ̀tà dé Ẹbúté Èrò, láti Òkè Àrín dé Adéníjì Adélé, a mọ ohun tí òjò oṣù Kẹfà àti Keje máa ń ṣe. Ìyá arúgbó tí ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ni omi náà kọ́kọ́ ń bá. Ẹlòmíràn ni ó mu omi inú ọ̀rá. Òun ni ó ń san gbèsè rẹ̀.

Ìtàn ìlú yìí tó láti fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó. Ní 1928, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Nígbà tí ó di 1955, ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín erékùṣù yìí. Wọ́n ní àdúgbò há, wọ́n ní ó dọ̀tí. Ọ̀pọ̀ ẹbí ṣí lọ sí Sùúrùlérè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì padà mọ́. A kò sọ pé ẹ̀bi àwọn baba wa ni. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìdọ̀tí tí ará àdúgbò kò bá ká lápá lè di ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti fi gba ilẹ̀ wọn.

Ẹnìkan lè wí pé iṣẹ́ ìjọba ni èyí. Òótọ́ ni pé LAWMA wà, àwọn ọkọ̀ akódọ̀tí sì wà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pé òun fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, òfin náà tún kan ife àlòdànù, ṣíbí ike, strọ́ọ̀ àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá kò lè wọ ọ̀nà tóóró inú agbo-ilé wa, ọ̀rá omi mímu àti ìgò ike sì ṣì wà lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́.

Ní ọdún 2012, arábìnrin kan tí ó dàgbà ní Èkó, Bilikiss Adebiyi-Abiola, dá Wecyclers sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kẹ̀kẹ́ lè dé ibi tí ọkọ̀ kò lè dé. Wọ́n ń gba ike, ọ̀rá àti agolo lọ́wọ́ onílé, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ fún un, onílé a sì fi gba ohun èlò ilé. Ohun tí àwọn yòókù ń pè ní ìdọ̀tí di ọjà, nítorí pé a gbà á lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó dé gọ́tà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ọ̀rá tí ó gbẹ tí ó sì mọ́ ni a ń gé wẹ́wẹ́, tí a ń yọ́, tí a sì ń fi ṣe báàfù, àpò, àní bútà àlùwàlá. Ìgò ike ni a ń sọ di òwú tí a fi ń kún ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ tàbí ẹrọ̀fọ̀ gọ́tà bá ti lè mọ́ ọn, iye rẹ̀ já wálẹ̀, àkìtàn sì ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé náà ni a ti ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀.

Mo tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀.

KHUTUBÁ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀.

Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní àpò méjì: ọ̀kan fún àjẹkù oúnjẹ àti ohun tútù, èkejì fún ike, ọ̀rá, páálí àti agolo tí ó gbẹ. Omi tí a ti fi ṣan abọ́ tó láti fi ṣan ìgò. Ànábì kọ̀ fún wa láti fi omi ṣòfò, ìbáà jẹ́ níbi àlùwàlá. Kí a má dáná sun ọ̀rá nínú agbo-ilé, nítorí èéfín rẹ̀ ń wọ imú ọmọ aládùúgbò.

Ẹni tí ń tà, kí ó má fi iyanrìn tàbí omi sínú ìgò kí ó lè wúwo. Ẹni tí ń rà, kí ó má yí òṣùwọ̀n, pàápàá fún ọmọdé tí kò mọ iye ohun tí ó gbé wá. Sūratu Mutọffifīn kò yọ òṣùwọ̀n ìdọ̀tí sílẹ̀. Ẹ má sì ṣe pe ẹni tí ń ṣa ike ní olè tàbí wèrè. Hàláálì ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹrù wa ni ó sì ń bá wa gbé.

Láti Jímọ̀ tí ń bọ̀, àpò ńlá méjì yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi àlùwàlá mọ́sáláṣí wa. Ọ̀rá omi tí a bá mu lẹ́yìn ìrun, kí ó bọ́ síbẹ̀. Ẹ lè kó ti ilé wá pẹ̀lú. Ènìyàn méjì nínú jámáà ni yóò máa kọ ìwọ̀n àti owó rẹ̀ sílẹ̀, a ó sì máa kà á síta lóṣooṣù. Sàráà fún àwọn opó àdúgbò ni owó náà. Kò sí ti Ìmáàmù níbẹ̀.

Ọlọ́hun, má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ wa ba ilé aládùúgbò wa jẹ́. Dáàbò bo erékùṣù yìí lọ́wọ́ àkúnya omi àti àjàkálẹ̀ àrùn. Fi ìbùkún sí iṣẹ́ àwọn tí ń gbá ọ̀nà wa. Foríjin àwọn òbí wa tí wọ́n ti lọ, kí O sì gba ìrun wa. Àmín.

Ẹ dìde fún ìrun.