Jíjá, Bíbó àti Yíya: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àyẹ̀wò Ìlẹ̀mọ́ Ara Ọkọ̀ Òfurufú

Àwọn fọganáísà ní Mùṣin mọ ìyàtọ̀ kan tí ó yẹ kí onítumọ̀ pẹ̀lú mọ̀. Kí wọ́n tó lẹ rọ́bà mọ́ túùbù tí ó lu, wọn a ha ojú rẹ̀, wọn a nù ún, wọn a sì fi gáàmù kùn ún. Bí rọ́bà náà bá ṣí láìku gáàmù lójú túùbù, ó bó, bí ọ̀dà ti ń bó lára ògiri: ojú túùbù ni wọn kò tún ṣe dáadáa. Bí gáàmù bá pín, tí ó kù sí ìhà méjèèjì, ó ya, bí aṣọ ti ń ya: gáàmù di túùbù mú títí agbára òun fúnra rẹ̀ fi tán.

Nítorí náà, ìlẹ̀mọ́ ni àsopọ̀ tí gáàmù ṣe; jíjá ni orúkọ gbogbogbòò fún títú rẹ̀; bíbó ni títú níbi tí gáàmù àti irin ti pàdé; yíya ni títú nínú gáàmù gan-an. Ẹni tí ó kọ “ó já” nìkan fi ìdí ọ̀ràn pamọ́, nítorí ìlẹ̀mọ́ tí ń bó lè gbé ẹrù púpọ̀ lónìí, kí ó sì tú nígbà tí ọ̀rinrin bá wọ ibẹ̀.

Ọ̀ràn ẹ̀mí ni èyí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1988, apá òkè ara Boeing 737 ti ilé-iṣẹ́ Aloha fò lọ lójú òfurufú ní Hawaii, ní gíga 24,000 ẹsẹ̀; òṣìṣẹ́ kan kú. Ìlẹ̀mọ́ àárín páànù rẹ̀ ti tú, irin ti ń jẹ, ẹrù ti bọ́ sórí àwọn ìṣó, ihò ìṣó sì ti sán.

Ní yàrá àyẹ̀wò, pàápàá níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù bí ti Àkókà lẹ́bàá ọ̀sà, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ da omi mímọ́ sójú irin. Bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀rá ti kúrò. Bí ó bá ṣù jọ bí ti orí ewé kókò, ọ̀rá ṣì wà. Ohùn ẹ̀rọ lè rí ihò inú ìlẹ̀mọ́, ṣùgbọ́n kò lè wọn agbára rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń lẹ àwọn àpẹẹrẹ kéékèèké lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú gáàmù kan náà, láti fà wọ́n já.

Kí àkọsílẹ̀ sọ nǹkan mẹ́ta: agbára tí ó já a, bóyá ó bó tàbí ó ya, àti ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún tí ó bó.